Lẹ́tà sí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Kọ Ìtàn Àròsọ

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo ti ka ìtàn àròsọ tí o fi ránṣẹ́. Èdè rẹ dùn, ìtàn náà sì ń lọ geere. Ohun tó kù ni pé Olóyè inú rẹ̀ kò tíì di ènìyàn. Ìkà ni láàárọ̀, ìkà ni lálẹ́, a ò sì mọ ohun tó ń wá.

Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Kí ẹ̀dá ìtàn tó hùwà, kọ́kọ́ mọ ohun tó ń fẹ́ àti ohun tó ń dùn ún. Wo Ẹfúnṣetán Aníwúrà, eré onítàn tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé jáde ní 1970. Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn inú eré náà, ṣòfin pé ẹrúbìnrin tó bá lóyún, pípa ni. Ìwà náà burú jáì. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tó bí ti kú sórí ìbímọ, kò sì lè fara da oyún ẹlòmíràn mọ́. Òǹkàwé kò ní tìtorí èyí dá a láre, síbẹ̀ yóò gbà pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè wà láyé.

Lẹ́yìn èyí, jẹ́ kí ẹ̀dá ìtàn náà dé oríta. Àjàní inú Ó Le Kú (1974), ìtàn àròsọ Ìṣọ̀lá, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìyá rẹ̀ ń fẹ́ kó mú ìyàwó wálé, òun náà sì ń ṣe iyèméjì láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. Iyèméjì yẹn ló kó gbogbo wọn sí ìdààmú.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ńkọ́? Awakọ̀ inú ìtàn rẹ ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́. Lọ sí gáréèjì, kí o fetí sílẹ̀. Bí ọmọdé bá sì pòwe níwájú àgbà láìṣe tótó, kó jẹ́ pé o fẹ́ fi hàn wá pé aláfojúdi ni.

Nísinsìnyí, padà sídìí Olóyè rẹ. Ta ló tọ́ Olóyè yìí dàgbà? Kí ló pàdánù? Ta ni kò lè kọ̀rọ̀ sí lẹ́nu? Kọ ọ́ sílẹ̀, bí kò tilẹ̀ ní wọnú ìwé. Má gbèjà rẹ̀, má sì bú u. Ṣáà rí i pé o mọ̀ ọ́n dáadáa. Tún orí àkọ́kọ́ kọ, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni,
Àbúrò bàbá rẹ