Ẹsẹ̀ Akàn Ti Jiná Kó Tó Dé Ọwọ́ Yín

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Houston, ní Maryland, ní Atlanta àti káàkiri Amẹ́ríkà, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹsẹ̀ akàn ti di oúnjẹ ọjọ́ ìbí àti ti ọdún tuntun láàárín yín, àwọn ọmọ tí ẹ bí sí ọ̀hún kì í sì í fẹ́ gbọ́ ti ìrẹsì mọ́ bí wọ́n bá ti fojú kàn án. Ó dùn, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àmọ́ ọgbọ́n ọjà Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rà á, ọgbọ́n ilé ìdáná Ẹ̀pẹ́ náà ni wọ́n fi ń sè é. Owó ń ṣòfò, inú sì ń run àwọn mìíràn.

Ní Ẹ̀pẹ́, láàyè la ti ń ra akàn. Ìyá tó ń tà á á ti fi okùn so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, oníbàárà á fi ìka tọ́ ọ wò. Èyí tí kò bá mira, kò sẹ́ni tí yóò sanwó rẹ̀. Ọgbọ́n gidi ni, nítorí akàn kì í pẹ́ bàjẹ́ tó bá ti kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja Alaska náà fi ń kó o sínú omi nínú ọkọ̀ wọn, tí wọ́n á gbé e láàyè dé ilé iṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣa òkú rẹ̀ sọnù, tí wọ́n ń gé ìyókù, tí wọ́n ń sè é lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tó wá sọ ọ́ di dídì. Pupa fòò tí ẹ ń rí lára ẹsẹ̀ akàn inú fírísà, iná ló fà á. Oúnjẹ tó ti jiná lẹ rà. Ẹni tó bá di èyí mú, gbogbo ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ kò ní ṣòro fún un.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjà. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ẹ̀mí tí a ó fi ìka tọ́ wò mọ́, imú àti ojú ló kù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ náà nílò ojú tirẹ̀. Ẹsẹ̀ akàn tó dára máa ń ní òórùn omi òkun, díẹ̀ báyìí. Èyí tó bá ń rùn bí ìtọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Àwọn tí wọ́n tò sórí yìnyín lẹ́yìn gíláàsì, tó ń dán, tó ń pe ènìyàn, inú fírísà kan náà ni wọ́n ti kó púpọ̀ nínú wọn wá, wọ́n kàn jẹ́ kó yọ́ ni. Ẹ kò mọ̀ bóyá àná ló yọ́ tàbí ìjẹta. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tajà pé èyí tó ṣì dì gbagidi lẹ fẹ́, kó lọ mú un wá lẹ́yìn. Bí ẹ bá gbé èyí tó ti yọ́ délé, tí ẹ tún jù ú sínú fírísà, omi á ti jáde lára rẹ̀ tán nígbà tí ẹ bá fi máa jẹ ẹ́.

Ẹ wo inú ọ̀rá náà dáadáa. Yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ara ẹsẹ̀ akàn kò burú. Àwọn tó dì í ló mọ̀ọ́mọ̀ fi bò ó kí atẹ́gùn má bàa gbẹ ẹ́. Òfin Amẹ́ríkà kò sì gbà kí wọ́n ka yìnyín yẹn mọ́ ìwọ̀n tí ẹ ń sanwó fún. Àmọ́ bí yìnyín bá kó jọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀rá, tí ara ẹsẹ̀ tún ní ojú funfun gbígbẹ, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó ti yọ́ rí kí wọ́n tó tún un dì. Àwọn ohun dúdú tóótòòtó tó lẹ̀ mọ́ ìkarahun ńkọ́? Ẹyin eṣúṣú inú òkun ni. Ó ń ríni lára, ṣùgbọ́n kò ṣe ẹran inú ní nǹkan kan. Oríkèé tí wọ́n ti gé e ni kẹ́ ẹ wò: bí ibẹ̀ bá ti dúdú, tó sì ń rùn, ẹ má rà á.

Nọ́mbà ara páálí king crab, bíi 9/12 tàbí 16/20, kì í ṣe owó. Iye ẹsẹ̀ tó wà nínú pọ́ùn mẹ́wàá ni. Bí nọ́mbà bá ṣe kéré tó ni ẹsẹ̀ ń tóbi tó. Ẹni tó bá san owó 9/12, tí wọ́n wá gbé 16/20 fún un, wọ́n ti rẹ́ ẹ jẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ mọ king crab yàtọ̀ sí snow crab tí owó rẹ̀ kéré sí i. King crab ní ẹ̀gún lára, ẹsẹ̀ mẹ́ta àti ọwọ́ kan ló sì máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n bá gé e. Ara snow crab ń dán, ẹsẹ̀ mẹ́rin àti ọwọ́ kan ni tirẹ̀. Ẹ ka ẹsẹ̀ kẹ́ ẹ tó ka owó. Igi pupa-òun-funfun tí wọ́n ń pè ní imitation crab, ẹja ni wọ́n lọ̀ tí wọ́n fi ẹyin àti ìyẹ̀fun pò. Kò burú fún sàláàdì, ṣùgbọ́n ẹ má san owó akàn lé e lórí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ẹ̀tàn ni pé ọjà akàn ti le. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, Alaska ti pípa snow crab ní Òkun Bering pa, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Akàn tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́wàá ló pòórá lẹ́yìn tí omi òkun gbóná kọjá bó ṣe yẹ ní 2018 àti 2019. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ebi ló pa wọ́n: bí omi bá ṣe ń gbóná sí ni akàn ń fẹ́ jẹun sí, oúnjẹ kò sì tó. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022 kan náà, ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de akàn Rọ́ṣíà. Nígbà tó di oṣù Kejìlá 2023, wọ́n nawọ́ òfin náà dé orí èyí tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ lé lórí ní ilẹ̀ mìíràn. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá gbé king crab olówó pọ́ọ́kú sórí WhatsApp ẹgbẹ́ yín, tó ní ẹ wá gbà á nínú búùtù ọkọ̀ òun, ẹ bi í ní ìbéèrè méjì. Páálí rẹ̀ dà, kí a wo ilẹ̀ tó ti wá? Inú kí ló wà láti àárọ̀? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ má fún un lówó.

Tí ẹsẹ̀ akàn bá ti délé, inú fíríìjì ni kó ti yọ́ mọ́jú, nínú àwo tó jinlẹ̀ torí omi tó máa ń jò, kó sì wà lókè adìẹ tútù, kó má wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí méjì lọ níta. Bó bá jẹ́ ìta gbangba lẹ ti ń ṣe àríyá nínú oòrùn Texas tó ju 90 Fahrenheit lọ, wákàtí kan péré ni.

Ẹ̀yin ará Maryland, tiyín tún yàtọ̀, nítorí pé ẹ̀yin ṣì ń rí akàn tó wà láàyè rà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1971, ó lé ní 400 ènìyàn tó ṣàìsàn ní ìpínlẹ̀ yín lẹ́yìn tí wọ́n jẹ akàn. Kòkòrò inú omi iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní Vibrio parahaemolyticus ló fa ìgbẹ́ gbuuru fún wọn. Akàn tó ti jiná ni wọ́n jẹ, àmọ́ ó ti fara kan èyí tó wà láàyè. Iná pa kòkòrò tán, ènìyàn tún lọ gbé òmíràn lé e. Agbọ̀n tó gbé akàn tútù kò gbọdọ̀ gbé èyí tó jiná, kódà kí ẹ nù ún lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ọṣẹ àti omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni pákó tí ẹ fi gé adìẹ kò gbọdọ̀ kan ẹsẹ̀ akàn tí ẹ rà nínú fírísà, nítorí kò tún ní pẹ́ lórí iná tó láti pa ohun tí ẹ bá kó ràn án.

Sísè ẹsẹ̀ akàn inú fírísà kò ju bí a ṣe ń se mọ́ínmọ́ín lọ: omi díẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò, asẹ́ onírin lókè rẹ̀ kí omi má bàa kan ohun tó wà lórí, kí ìdérí sì dé pinpin. Ẹ jẹ́ kí omi hó kẹ́ ẹ tó kó o sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́rin sí mẹ́fà tó fún snow crab, márùn-ún sí mẹ́jọ fún king crab; èyí tó bá ṣì dì, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún un. Kó ṣáà gbóná dé inú. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa kan kò gba ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún gbọ́. Ohun tí kò bá tíì hó fún wákàtí kan, kò tíì jiná lójú wọn. Èyí tí wọ́n bá sè bẹ́ẹ̀ á gan, á máa há síni léyín, gbogbo adùn rẹ̀ á ti wà nínú omi tí wọ́n dà nù. Tí ẹ bá ń ṣí ìkòkò, ẹ fi ìdérí dáàbò bo ojú yín, kí ooru gba ọ̀dọ̀ ògiri lọ, kí ọmọdé má sì dúró nítòsí. Ọ̀rá tí ẹ fi ra nǹkan lọ́jà kì í ṣe ọ̀rá ìdáná. Àwọn tó ń se akàn nínú ọ̀rá lórí fídíò, èyí tí wọ́n ṣe fún inú ààrò ni wọ́n ń lò.

Láti yọ ẹran rẹ̀, ẹ fi aṣọ ìnuwọ́ di ẹsẹ̀ náà mú, ẹ ki ẹnu àlùmọ́gàjí bọ ibi tó funfun, tí kò le jù, ẹ gé e lọ gbọọrọ dé oríkèé, kẹ́ ẹ wá fi àtàǹpàkò méjèèjì ya á. Ẹran á jáde lódidi, ẹ̀yìn rẹ̀ á pọ́n, inú rẹ̀ á funfun. Eyín kì í ṣe òòlù. Ẹni tó bá fi eyín fọ́ king crab yóò mọ iye tí dókítà eyín ń gbà ní Amẹ́ríkà.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ wá wà ńlẹ̀, òun ló sì ń dùn mí jù, nítorí kì í hàn. Inú omi iyọ̀ tó tutù nini ni wọ́n ti ń sọ ọ̀pọ̀ king crab di dídì. Ẹran rẹ̀ tó tó gíráàmù 100, tó ti jiná, tí ẹ kò tíì fi nǹkan kan sí, ní sodium tó tó mílígíráàmù 1,072. Ẹsẹ̀ ńlá kan ṣoṣo sì lè ju gíráàmù 100 lọ. Iye tí wọ́n ní kí àgbàlagbà má kọjá lójúmọ́ ní Amẹ́ríkà ni 2,300. Ẹsẹ̀ méjì, ó ti pé. A kò tíì ka bọ́tà oníyọ̀, a kò tíì ka èròjà Old Bay, a kò tíì ka Maggi tí àwọn kan ń fọ́ sínú omi tó wà nísàlẹ̀ asẹ́. Snow crab sàn díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Bàbá tí ẹ mú wá láti Ìbàdàn wá kí ọmọ-ọmọ, tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láràárọ̀, ẹ má kó àwo rẹpẹtẹ síwájú rẹ̀ pé ẹ ń ṣe é lálejò. Ẹsẹ̀ kan, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti iṣu sísè tí kò níyọ̀, tó o. Ẹ má fi iyọ̀ kankan sí omi.

Ohun tí a ń tì í bọ̀ kò nílò wàhálà. Ẹ yọ́ bọ́tà tí kò níyọ̀ lórí iná kékeré, ẹ bu ìfófòó funfun orí rẹ̀ kúrò, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí ata rodo tí ẹ gún wà lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá lè jẹ ẹ́. Kí oníkálùkù ní abọ́ tirẹ̀. Aáyù dùn nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún un: aáyù tútù tó rì sínú òróró, tí ẹ gbé sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, lè bí májèlé botulism. Ní 1985, ènìyàn 36 ló kó o ní Vancouver, ní Kánádà, láti ara aáyù inú òróró tí ilé oúnjẹ kan lò. Kì í yí òórùn oúnjẹ padà, kì í yí adùn rẹ̀ padà; ojú á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rí méjì-méjì, ahọ́n á wúwo, èémí á ṣòro. Èyí tí ẹ bá pò lónìí, ẹ jẹ ẹ́ lónìí. Tó bá ṣẹ́kù, fíríìjì lójú ẹsẹ̀, kó má ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Èyí tó bá sùn sórí tábìlì, ẹ dà á nù, ì báà jẹ́ ata díndín tí ẹ fi aáyù tútù sí lẹ́yìn tí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Èyí tó lè pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ni ti ẹni tí ara rẹ̀ kọ akàn. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lágbà, fún ẹni tó ti ń jẹ akàn àti edé láti kékeré. Ooru tó ń jáde látinú ìkòkò nìkan tó fún àwọn mìíràn. Ara á máa yún ẹni náà, ètè á wú, ọ̀fun á há, òòyì á kọ́ ọ. Ẹ má sọ pé wọ́n ti fi nǹkan sí oúnjẹ rẹ̀, ẹ má sì da epo pupa sí i lẹ́nu. Epo pupa kì í ṣí ọ̀fun tó ti dí. Bó bá ní abẹ́rẹ́ EpiPen, itan ni kẹ́ ẹ gún un sí, kẹ́ ẹ pe 911 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn kódà bí ara rẹ̀ bá ti balẹ̀, nítorí ó lè padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi àwọn àlejò yín léèrè, tọmọdé tàgbà, kẹ́ ẹ tó gbé ìkòkò kaná.