Igi Wo Ló Yẹ Kí A Gbìn Sí Àgbàlá Wa?



Ànábì wa (SAW) kọ́ wa pé bí Mùsùlùmí bá gbin igi, tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹranko sì jẹ nínú rẹ̀, sàárà ni fún un. Ṣùgbọ́n igi tó ń pa ọmọdé lára kò lè jẹ́ sàárà. Ìdí nìyí tí ẹ̀kọ́ wa fi dá lórí bí a ṣe ń ṣa ohun tí a ó gbìn.

Ẹ wo ilẹ̀ yín ná

Láti ìgbà tí ìjọba ti kọ́ Festac Town fún àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti ọdún 1977 ni àyè ti ń dínkù láàárín ilé sí ilé. Ilẹ̀ Amuwo-Odofin rẹlẹ̀, omi kò sì jìnnà nínú rẹ̀. Gbòǹgbò igi ńlá a máa wá omi kiri, a máa gba ibi tí páìpù ti sán wọlé, ewé rẹ̀ a sì máa dí gọ́tà. Bí òjò bá dé, omi ẹ̀gbin á wọ inú ilé. Nítorí náà, kí máńgòrò, dongoyaro, agbálùmọ̀ tàbí igi odán jìnnà sí ògiri àti sọ́kàwéè, ó kéré tán ní ẹsẹ̀ bàtà 20. Bí àyè kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Mẹ́ta tí kò yẹ níbi tí ọmọdé wà

1. Olómiòjò: òdòdó rẹ̀ pupa rúsúrúsú, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Gbogbo ara rẹ̀ ló ní májèlé, kóró rẹ̀ ló sì burú jù. Ó ń da lílù ọkàn rú, bí ìgbà tí ènìyàn bá lo oògùn ọkàn tí à ń pè ní digoxin ní àlòjù.

2. Lápálápá tí à ń fi ṣe ọgbà: kóró rẹ̀ dùn lẹ́nu, ọmọ lè jẹ púpọ̀. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń tẹ̀lé e.

3. Dumb cane inú ìkòkò òdòdó, eléwé fẹ̀ǹfẹ̀ tó ní àmì funfun: bí ọmọ bá gé e jẹ, ẹnu àti ahọ́n rẹ̀ á wú.

Bí ọmọ bá jẹ ọ̀kan nínú wọn, ẹ yọ èyí tó kù lẹ́nu rẹ̀, kí ẹ sì fi omi fọ ẹnu náà. Ẹ má rọ epo pupa sí i lọ́nà ọ̀fun, ẹ má sì fi ipá mú un bì, nítorí epo tàbí èébì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ mú ẹ̀ka igi náà dání, kí ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kíá, bó tilẹ̀ ṣì ń ṣeré.

Èyí tó dára fún wa

Ewúro àti efinrin kò gba àyè, ọbẹ̀ ni wọ́n sì ń bá wa sè. Pèrègún àti àkòko jẹ́ igi ilẹ̀ wa, wọ́n sì dára fún ọgbà. Àwọn kan ń bẹ̀rù wọn nítorí pé àwọn abọ̀rìṣà ń lò wọ́n. Ẹ̀dá Ọlọ́hun ni igi. Ohun tí ènìyàn fi ṣe ni a ń wò. Igi àgbọn fẹ́ràn ilẹ̀ yanrìn, ṣùgbọ́n kí ó jìnnà sí ibi tí ọmọ ti ń ṣeré.

Dongoyaro, tó ti India wá, ní ibòji dáadáa. Síbẹ̀, kí aboyún má mu àgbo rẹ̀, kí a má sì fún ọmọ ọwọ́ ní epo rẹ̀.

Kò sí igi tó lè rọ́pò àwọ̀n ẹ̀fọn. Omi tó dúró sí ìdí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti abẹ́ ìkòkò òdòdó a máa bí ẹ̀fọn, nítorí náà ẹ máa dà á nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Iṣẹ́ ilé

Lẹ́yìn ìrun Alásàrí ní ọjọ́ Sátidé, ẹ kó àwọn ọmọ yí ilé po. Kí wọ́n dárúkọ igi kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ wá fún wa ní mọ́sálásí, kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí Ọlọ́hun dáàbò bo àwọn ọmọ wa. Àmín.