Ẹ̀jẹ̀ fún Aboyún, àti Mọ́ọ̀tì Ẹni Tó Fi Í Tọrẹ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá fún yín kì í ṣe ti oúnjẹ aboyún tàbí ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó ti wà nínú fíríìjì ilé ìwòsàn kí ìrọbí tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Nígbà tí oyún bá ti tó bíbí, ẹ̀jẹ̀ tí ń gba inú ilé-ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó mílílítà 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọmọ àti ibi rẹ̀ bá jáde tán, ilé-ọmọ a sún kì, a sì fún ojú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ náà pa. Bí kò bá sún kì, ẹ̀jẹ̀ yóò máa dà bí omi ẹ̀rọ tí a kò ti. Obìnrin tí ara rẹ̀ le koko kí ó tó bímọ lè kú láàárín wákàtí 2.

Mo rántí abiyamọ kan tí ó bí ọmọ rẹ̀ kẹta lọ́dọ̀ wa lóru. A fún un ní abẹ́rẹ́, a fọwọ́ ra á nísàlẹ̀ ikùn, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ọkọ rẹ̀ ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń kígbe pé kí a wá gba tòun. Ọkùnrin gidi ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ẹ̀jẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kò ṣeé fà sí ẹnikẹ́ni lára lójú ẹsẹ̀. A ní láti yẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò HIV, fún àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B àti C, àti fún rẹ́kórẹ́kó, kí a sì wò ó bóyá ó bá ti aláìsàn mu. Àpò 2 tí awakọ̀ wa sáré lọ gbé wá láti ilé ìwòsàn mìíràn ni ó gba ìyá náà là. Àwọn tó fi wọ́n tọrẹ kò mọ̀ ọ́n rí.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ọkọ kò mọ̀. A kì í fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ọkọ sí ìyàwó rẹ̀ lára níwọ̀n ìgbà tí ó ṣì ń bímọ, bí irú ẹ̀jẹ̀ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ara ìyàwó lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkọ jà, bí ó bá sì tún lóyún, ọmọ tó jogún ohun náà lọ́dọ̀ baba rẹ̀ lè jìyà rẹ̀ nínú ikùn. Nítorí náà, ti baba ọmọ yìí á lọ sára ìyàwó ẹlòmíràn, ti ẹlòmíràn á sì wá sára ìyàwó tirẹ̀. Bí èésú ni.

Ẹ̀yin aboyún fúnra yín kò gbọdọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ o. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú náà kò gbọdọ̀. Kí ó dúró títí yóò fi já ọmọ lẹ́nu ọmú, kí oṣù 3 sì kọjá lórí rẹ̀. Iṣẹ́ tiyín ni láti rán ẹlòmíràn: ọkọ, àbúrò, ẹ̀gbọ́n ọkọ, ẹlẹgbẹ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Kí ẹni náà ti pé ọdún 18, kí ó má tí ì kọjá 65, kí ó wọn kílò 50 ó kéré tán, kí ara rẹ̀ sì le. Mílílítà 450 ni a ń gbà, kò kún ìgò omi onílàjì lítà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ inú àgbàlagbà tó nǹkan bí lítà 5. Abẹ́rẹ́ titun ni à ń lò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kì í sì í dí ọkùnrin lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nínú yàrá (ìbéèrè yìí ni wọ́n ń sọ sí mi létí ju gbogbo ìbéèrè lọ).

Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ní ọjọ́ tí aboyún bá kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ni kí ẹ ti mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó. Ẹ kọ ọ́ sórí káàdì rẹ̀. Ẹni tó lóyún ìbejì, ẹni tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún rí kó tó bímọ, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dà púpọ̀ lára rẹ̀ nígbà tó bímọ tó kọjá, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ tiwọn falẹ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ àwọn tí yóò wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Inú òtútù fíríìjì pàápàá, ẹ̀jẹ̀ inú àpò tí a sábà ń lò kì í kọjá ọjọ́ 35, nítorí náà fíríìjì tó kún lóṣù yìí lè ṣófo lóṣù tó ń bọ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìpápánu. Kí ẹni tó ń bọ̀ jẹun dáadáa kó tó kúrò nílé. Ẹni tó ń gbààwẹ̀, kí ó fi í di ọjọ́ mìíràn. Bí a bá yọ abẹ́rẹ́ tán, a ó fún un ní mọ́ọ̀tì, pẹ̀lú bisikíìtì tàbí búrẹ́dì àti ẹyin. Kì í ṣe owó ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ̀jẹ̀ lè fi àìsàn pamọ́ nítorí owó, ìdí nìyẹn tí ọrẹ fi dára jù. Omi tó dín nínú iṣan ni ohun mímu náà ń dá padà, kí òòyì má bàa kọ́ ọ. Jíjókòó fún ìṣẹ́jú 15 wà lára ìtọ́jú náà. Ṣùgbọ́n mọ́ọ̀tì kì í sọ ara di ẹlẹ́jẹ̀. Omi ara a padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ẹ̀jẹ̀ pupa a máa gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nítorí náà ni ọkùnrin fi ń dúró fún oṣù 3, obìnrin oṣù 4, kí ó tó tún wá. Nílé, ẹ se ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹran tàbí ẹ̀dọ̀ fún un.

Wẹ́dà kan tó sígbọnlẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa nígbà kan. Ó ki mọ́ọ̀tì àti bisikíìtì bọ àpò, ó ní òun ń mú un lọ fún ọmọ òun, pé òun kì í ṣe ẹni tí à ń fún ní bisikíìtì. Kò tí ì dé ẹnu géètì tó fi ṣubú lé àtẹ ìyá ẹlẹ́pà. A gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó jí, ó mu mọ́ọ̀tì náà tán, ó sì san owó ẹ̀pà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣí ìgò kí n tó gbé e lé wọn lọ́wọ́, nítorí ìgò tí a ti ṣí kò ṣeé kì bọ àpò. Ìyàwó tó bá sin ọkọ rẹ̀ wá lè bá a jẹ nínú bisikíìtì náà. A kì í kà á.