Páálí àti Bébà Tí A Ń Dáná Sun

Ẹ̀kọ́ kíkà: Johanu 6:1–13

Nígbà tí a bá ka ìtàn búrẹ́dì márùn-ún àti ẹja méjì, ibi tí ọkùnrin 5,000 ti jẹun yó ni a máa ń dúró sí. A kì í sábà dúró sí ẹsẹ 12. Olúwa tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ díẹ̀ di púpọ̀ ni ó ní kí wọ́n ṣa àjẹkù jọ, agbọ̀n 12 sì kún. Ẹni tí ó lè dá òmíràn kò fi èyí tí ó kù ṣòfò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìnkùlé wa ní ọjọ́ kejì ìkórè. Páálí bísíkíìtì, páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìwé ètò ìsìn tí a kò pín tán, gbogbo rẹ̀ ni a ó kó jọ, tí a ó ṣáná sí pẹ̀lú ọ̀rá. Èéfín á wọ yàrá ọlọ́mọ tuntun, ọmọ tí èémí rẹ̀ kò já geere kò ní lè sùn.

Owó sì ni a ń sun. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ti ọmọlanke kiri láti ra páálí àti bébà, wọn a sì tà á fún àwọn tí ń ṣe tíṣù, páálí tuntun àti kéréètì ẹyin. Iṣẹ́ náà jọ ti ògì: wọn a rẹ bébà sínú omi, ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́ títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a fún omi rẹ̀ dà nù, wọn a sì gbẹ ẹ. Kì í ṣe ọgbọ́n àná. Ní 1800 ni Matthias Koops gba ìwé àṣẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi bébà àlòkù ṣe tuntun. Ó lópin o, nítorí fọ́nrán inú bébà ń kúrú sí i. Bí ìgbà 5 sí 7 ni ó lè gbà.

Ní Èkó, 1977 ni ìjọba dá àjọ tí a mọ̀ sí LAWMA lónìí sílẹ̀, ní 2012 sì ni Bilikiss Adebiyi-Abiola bẹ̀rẹ̀ Wecyclers, tí kẹ̀kẹ́ wọn ń lọ kó àlòkù láti ilé dé ilé. Ní ọ̀pọ̀ ìlú wa, ọlọ́mọlanke ni a ní. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú u.

Gbígbẹ ni ohun àkọ́kọ́. Páálí tí epo àkàrà ti rin, tíṣù tí a ti lò, àti páálí wàrà tí ó ní ọ̀rá nínú, ẹ má kó wọn mọ́ ọn. Ẹ tú páálí kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ so ó, ẹ gbé e sórí pákó nítorí ikán. Kí ẹ tó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ bèèrè iye kílò kan, kí ẹni méjì sì wà níbẹ̀ tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Owó kékeré ni, a ò ní tàn yín. Àmọ́ ó lè ra oògùn fún opó kan.

Ní ti ọ̀rọ̀ opó, ohun kan wà tí a fẹ́ tẹ̀ mọ́ yín létí. Arábìnrin kan tí a mọ̀ pàdánù ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ palẹ̀ yàrá bàbá mọ́, wọ́n sì ta ìwé ìròyìn àtijọ́ inú rẹ̀ ní àpò méjì. Rìsíìtì ilẹ̀ wà láàrin wọn. Nígbà tí àwọn kan dé pé ilẹ̀ àwọn ni, ìyá kò ní ohun tí yóò nà sí wọn. Nítorí náà, ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni kí a ṣí wò: ìwé ilẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọmọ, káàdì ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó. Ti báńkì, ẹ ya á wẹ́wẹ́. Yíya kò ní kí wọ́n má rà á.

Fún ìjíròrò: Ta ni nínú wa ní ìloro gbígbẹ tí a lè máa kó páálí sí títí di ọjọ́ ìpàdé? Ta ni ó mọ ọlọ́mọlanke tí òṣùwọ̀n rẹ̀ tọ́?