Pípa Ẹyin Pẹ́pẹ́yẹ àti Títọ́ Ọmọ Rẹ̀

Nínú àwọn ẹran ọ̀sìn àgbàlá, pẹ́pẹ́yẹ jẹ́ ọ̀kan tí ìnáwó rẹ̀ kò pọ̀, tí èrè rẹ̀ sì dára. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ti ka ẹyin 15 sábẹ́ abo pẹ́pẹ́yẹ, tí ó ti fi owó rẹ̀ sọ́kàn fún owó ilé-ìwé ọmọ, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé nígbà tí oṣù méjì bá fi máa kọjá, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ 2 péré ni ó kù. Nígbà náà ni ìfura a bẹ̀rẹ̀: a ó ní orogún ni, tàbí aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ohun tí ń pa ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kò fara sin. A lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì lè dènà ọ̀pọ̀ nínú wọn.

IYE ỌJỌ́. Pẹ́pẹ́yẹ tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí ara pupa rí kókó-kókó yí ojú rẹ̀ ká, láti Amẹ́ríkà ni irú rẹ̀ ti wá. Ọjọ́ 35 ni ó fi ń sàba lé ẹyin rẹ̀. Irú pẹ́pẹ́yẹ funfun tí ẹnu rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, ọjọ́ 28 ni tirẹ̀. Ti adìyẹ sì jẹ́ ọjọ́ 21. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò rò pé ẹyin ti bàjẹ́ ní ọjọ́ 30, yóò sì kó o dànù pẹ̀lú ọmọ láàyè nínú rẹ̀. Nítorí náà, kí a kọ ọjọ́ tí ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sàba sára ògiri.

YÍYAN ẸYIN. Kí a yan ẹyin tí ó mọ́, tí èèpo rẹ̀ kò sán, tí kò sì tíì ju ọjọ́ 7 lọ tí a ti yé e. Ẹyin tí ìgbẹ́ bò ń gba àrùn sínú, nítorí èèpo ẹyin ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Kí a má ṣe fi omi fọ̀ ọ́. Kí a kúkú máa pààrọ̀ koríko ìtẹ́ kí ó lè mọ́.

ÌSÀBA. Bí a bá fi ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sábẹ́ adìyẹ, kí ó má ṣe ju 6 tàbí 8 lọ, nítorí ó tóbi ju ti adìyẹ lọ. Nígbà púpọ̀ adìyẹ kò ní agbára láti yí i padà. Ọwọ́ ènìyàn ni yóò máa yí i ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, títí yóò fi ku ọjọ́ 3 kí ó pa. Abo pẹ́pẹ́yẹ a máa lọ wẹ̀, a sì máa fi ara tútù padà sórí ẹyin; adìyẹ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó dára kí a máa wọ́n omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀ sí ẹyin náà ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn. Ní ọjọ́ 10, kí a gbé ẹyin sí iwájú àtùpà nínú òkùnkùn. Èyí tí ó bá ní iṣan pupa bí òwú aláǹtakùn ní ọmọ nínú. Èyí tí ó bá mọ́ gaara kò ní nǹkan, kí a yọ ọ́ kúrò.

ỌJỌ́ PÍPA. Láti ìgbà tí ọmọ bá ti lu ihò kékeré sí èèpo, ó lè tó wákàtí 24 tàbí 48 kí ó tó jáde. Níhìn-ín ni àìnísùúrù ti ń pa ọ̀pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú awọ tí ó wà lábẹ́ èèpo, pupa ẹyin kò sì tíì wọ inú ọmọ tán. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ bó èèpo náà lè mú kí ọmọ náà ṣẹ̀jẹ̀ títí tí yóò fi kú.

OÚNJẸ. Pupa ẹyin tí ó wọ inú ọmọ tó o bọ́ fún ọjọ́ kìíní. Lẹ́yìn náà, kí omi máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ nígbà gbogbo, nítorí oúnjẹ gbígbẹ a máa há a lọ́fun. Kí omi náà jìn tó kí ó lè fọ imú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí a kó òkúta sínú rẹ̀ kí ó má baà rì. Àgbàdo nìkan kò tó: ẹsẹ̀ ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tí ń jẹ àgbàdo nìkan a máa wọ́, kò sì ní lè rìn. Kí a fi ẹja gbígbẹ lílọ̀, ikán àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ kún un. Kí a má ṣe fún un ní àgbàdo tàbí ẹ̀pà tí ó ti bu láé. Ní ọdún 1960, tọ́lọ́tọ́lọ́ tí ó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí ó bu, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ sì wà nínú àwọn ohun ọ̀sìn tí ó bá a lọ.

ÒTÚTÙ ÀTI Ọ̀TÁ. Kí a má jẹ́ kí òjò pa wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 4 àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá kó ara jọ gìrìgìrì tí wọ́n ń ké, òtútù ń mú wọn. Bí wọ́n bá la ẹnu tí wọ́n ń mí hẹlẹ, ooru pọ̀ jù. Kí a dé wọn mọ́ inú àgò lọ́sàn-án nítorí àṣá, kí a sì ti ilẹ̀kùn wọn lálẹ́ nítorí eku, ejò àti ológbò. Kí a fi eérú yí ìdí ilé wọn ká nítorí ìjàlọ.

ÌLERA. Kí a má ṣe sùn ní yàrá kan náà pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ. Kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí a bá tọ́jú wọn, kí a sì se ẹyin wọn jinná dáadáa. Kí a máa da omi wọn nù lójoojúmọ́, kí ẹ̀fọn má baà yé sínú rẹ̀. Láti ọdún 2006, nígbà tí a rí àrùn burúkú àwọn ẹyẹ ní Nàìjíríà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ ẹyẹ tí ó ṣàdédé kú tàbí kí ó tà á. Bí púpọ̀ bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, kí a sọ fún oníṣègùn ẹran.

Ẹni tí ó bá ka ọjọ́ dáadáa, tí ó mú ìtẹ́ mọ́, tí ó sì fi ọwọ́ sẹ́yìn ní wákàtí pípa, yóò rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí a ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru aládùúgbò wà ní ìkáwọ́ onílé. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.