Ẹ̀kọ́ lórí Ọ̀nà tí Ìjì ń Gbà

Àwọn àgbà ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ọ̀nà tí ìjì ń gbà yóò ti wọlé kí ó tó dé. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àwa tí yóò kọ́ ọmọ ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ fi ọkàn sí ẹ̀kọ́ yìí.

Bí a bá bi ọmọ Ajégúnlẹ̀ léèrè ibi tí ìjì ti ń wá, ó lè nawọ́ sí òkun, nítorí láti ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ ti ń fẹ́. Lóòótọ́, afẹ́fẹ́ òkun ni ó ń gbé ọ̀rinrin òjò wá. Ṣùgbọ́n ìjì tí ń ṣí páànù orí ilé, láti ìlà-oòrùn ni ó ti ń bọ̀, pàápàá nígbà tí òjò ọdún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tí ó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Sánmà yóò ṣú ní òdìkejì omi, lókè Ìsàlẹ̀ Èkó. Afẹ́fẹ́ yóò pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù tútù yóò dé lójijì.

Láàárín oṣù keje sí ìkẹsàn-án, afẹ́fẹ́ a máa ru bí ìgbì kọjá lórí ilẹ̀ Haúsá, a sì gba Mali àti Senegal bọ́ sínú òkun Àtìláńtíìkì. Bí díẹ̀ nínú wọn bá bá omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pàdé, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í yí po. Bí ìyára afẹ́fẹ́ wọn bá dé máìlì 74 ní wákàtí kan, hurricane ni à ń pè wọ́n. Ọ̀kan kúrò ní etíkun Áfíríkà ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ, ọdún 2004. Wọ́n sọ ọ́ ní Ivan. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án, ó ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé jẹ́ ní erékùṣù Grenada.

Kí ló dé tí irú rẹ̀ kì í padà wá sí Èkó? Ìdí méjì ni. Èkínní, ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń tì í lọ. Èkejì, a súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé jù. Agbára yíyí ayé tí ń mú ìjì yí po kò tó nǹkan lọ́dọ̀ wa.

Ṣùgbọ́n kí á má tìtorí èyí sùn. Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ rẹlẹ̀, bí gọ́tà bá sì dí, inú yàrá ni omi ń wọ̀. Òjò ọjọ́ 10 oṣù keje, ọdún 2011, gba ẹ̀mí ènìyàn ní Èkó.

Nítorí náà, kí olùkọ́ fi àwòrán ilẹ̀ ayé kọ́ ògiri, kí àwọn ọmọ máa fi àmì sí ibi tí ìròyìn bá sọ pé ìjì dé. Kí wọ́n gbé agolo síta láti wọn òjò, kí wọ́n sì kọ ọjọ́, wákàtí, àti ìhà tí ìjì ti wá sínú ìwé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n mọ̀ pé bí ìlà-oòrùn bá ti ṣú, kò tọ́ láti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Marina, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ láti sá sábẹ́ igi. Ìmọ̀ kò lè dá ìjì dúró, ṣùgbọ́n ó lè mú ọmọ délé ní àlàáfíà.