Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ WA: MÍMÚRA ỌMỌ SÍLẸ̀ FÚN ÀGỌ́ ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Bíbélì kíkà: Lúùkù 2:41-52
Àfikún: Ẹ́kísódù 18:13-26, Deuterónómì 23:12-14
Ìdí ẹ̀kọ́: Kí ìyá àti olùkọ́ lè jọ fi ọwọ́ kan múra ọmọ sílẹ̀, kí ó lọ ní àlàáfíà, kí ó sì padà ní àlàáfíà.

ÌFÁÀRÀ

Bí sáà ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ń parí lọ ni àwọn ọmọ máa ń mú ìwé wá sílé pé ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ kó àwọn lọ sí àgọ́, tàbí pé Boys' Brigade, Girls' Brigade tàbí Girl Guides ni ó fẹ́ kó àwọn lọ. Kámpù ni àwọn ọmọ ń pè é.

Àwa ará Jíbówú kì í ṣe àlejò sí ìrìn-àjò. Láti ìdájí ni ọkọ̀ ti ń kó èrò lọ́nà Ìkòròdú, tí àwọn ìyá ń dúró ti ẹrù, tí wọ́n ń ka àpò, tí wọ́n sì ń ka ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ tí yóò sùn ní ìta fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún láìsí ìyá nítòsí. Ìdí nìyí tí a fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá. Àwa tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró níwájú pátákó mọ̀ pé àgọ́ tí yóò dára, kíláàsì àti ilé ni a ti ń pa á ṣáájú kí ọkọ̀ tó gbéra. Àwọn àgbà ní, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

ÀGỌ́ KÌ Í ṢE OHUN TUNTUN LÁÀRIN WA

Àwọn kan nínú wa máa ń sọ pé eré lásán ni àgọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú àgọ́ ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti kọ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń gbé pọ̀ lábẹ́ òfin. Nínú ìtàn ìjọ wa pẹ̀lú, ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1807, Hugh Bourne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìpàdé àdúrà ní gbangba lórí òkè Mow Cop ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti òwúrọ̀ di alẹ́. Àwọn aṣáájú ìgbà náà kò fẹ́ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì yọ Bourne kúrò nínú ìjọ ní 1808. Síbẹ̀ láti inú ìpàdé àgọ́ wọ̀nyí ni ìjọ Primitive Methodist ti jáde, tí ó sì tún padà dara pọ̀ mọ́ àwọn Wesleyan ní 1932. Ní ọdún 1932 yìí kan náà ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ìjọ Áńgílíkà jọ dá Igbobi College sílẹ̀, nítòsí wa níbí.

Ní ti àwọn ọmọdé, William Alexander Smith, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní Glasgow, ni ó dá Boys' Brigade sílẹ̀ ní 1883. Ní 1886 ni ó kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí àgọ́. Ẹgbẹ́ náà dé Èkó ní 1908. Boy Scouts dé ní 1915, Girl Guides sì tẹ̀ lé e ní 1919. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ nínú wa ni bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ti sùn ní àgọ́ rí, tí ó sì kọ́ bí a ti ń dáná, bí a ti ń fọ àwo àti bí a ti ń gbọ́ràn níbẹ̀.

"WỌ́N RÒ PÉ"

Ẹ jẹ́ kí a wo Bíbélì kíkà wa. Jésù jẹ́ ọmọ ọdún 12, bí àwọn ọmọ wa tí ń wọ JSS 1. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó jọ ń ti Jerúsálẹ́mù bọ̀. Jósẹ́fù àti Màríà rò pé ọmọ náà wà láàrin èrò, wọ́n sì rin ìrìn ọjọ́ kan kí wọ́n tó wá a láàrin àwọn ìbátan àti ojúlùmọ̀. Ìgbà tí ó di ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n tó rí i nínú tẹ́ńpìlì.

Màríà kì í ṣe ìyá tí kò bìkítà. Ìyá rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí èrò bá pọ̀, ìyá a máa rò pé ọmọ wà lọ́dọ̀ bàbá, bàbá a máa rò pé ó wà lọ́dọ̀ ìyá, àwọn ẹbí a sì máa rò pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Gbogbo ewu àgọ́ ni ó sábà máa ń ti ibẹ̀ wọlé: olùkọ́ rò pé ìyá ti sọ, ìyá rò pé olùkọ́ yóò rí i fúnra rẹ̀.

Ẹ rántí John Wesley pẹ̀lú. Ní oṣù kejì ọdún 1709, iná jó ilé wọn ní Epworth ní òru. Nígbà tí àwọn ará ilé sá jáde, wọ́n rí i pé John, ọmọ ọdún márùn-ún, kò sí láàrin wọn. Ojú fèrèsé òkè ni wọ́n ti rí i. Ọkùnrin kan gun èjìká ẹnìkejì rẹ̀, ó sì gbé e sọ̀kalẹ̀ kí òrùlé tó wó. Bí kò bá sí ẹni tí ó ṣàkíyèsí pé ọmọ kan kù, ta ni ìbá dá ìjọ Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀?

IṢẸ́ OLÙKỌ́ NÍ KÍLÁÀSÌ

Ó yẹ kí ẹ̀yin ìyá mọ ohun tí olùkọ́ rere ń ṣe, kí ẹ lè béèrè rẹ̀ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́.

(a) Kíkà. Jẹ́tírò gba Mósè níyànjú pé kí ó yan olórí lé ènìyàn mẹ́wàá mẹ́wàá. Bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é. Bí ọmọ bá jẹ́ 40, ẹgbẹ́ mẹ́rin ni. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkejì tí kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni a ti ń fi èyí dánra wò nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, títí wọn yóò fi lè tò, kí wọ́n sì ka ara wọn láìsí ariwo. Ní ọjọ́ ìrìn-àjò, a ó kà wọ́n kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, nígbà tí wọ́n bá sọ̀kalẹ̀, àti kí wọ́n tó sùn.

(b) Ìṣirò. Ẹ̀kọ́ ìṣirò a máa dùn bí ó bá ní ohun tí a fẹ́ fi ṣe. Bí ọmọ 40 bá ń mu omi lítà méjì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, lítà 320 ni. Àpò omi oníláílọ́ọ̀nù tí ó ní ogún ẹyọ, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlàjì lítà, jẹ́ lítà mẹ́wàá. Àpò 32 ni a ó rà. Ọmọ tí ó ti ṣe ìṣirò yìí fúnra rẹ̀ kì í da omi nù ní àgọ́.

(d) Ìtàn ibi tí a ń lọ. Bí ó bá jẹ́ Badagry, kí wọ́n ti mọ̀ kí wọ́n tó lọ pé Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, pé William de Graft àti ìyàwó rẹ̀ bá iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ lọ níbẹ̀, àti pé ilé alájà àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1845 ṣì wà níbẹ̀.

(e) Omi. Badagry yìí kan náà ní ọ̀sà, ó sì ní òkun. Òfin wa kò ní ju ọ̀kan lọ: ọmọ kankan kò gbọdọ̀ sún mọ́ omi bí àgbàlagbà tí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ kò bá sí níbẹ̀. Omi òkun a máa fa ènìyàn lẹ́sẹ̀ láti ìsàlẹ̀ nígbà tí òkè rẹ̀ bá ń rẹ́rìn-ín.

(ẹ) Ìmọ́tótó. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó pàṣẹ pé kí ilé ìgbẹ́ wà lẹ́yìn ibùdó, kí a sì bo ohun tí a bá yà. Ọṣẹ àti omi gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, omi lítà kan tó mọ́, ṣúgà ṣíbí kékeré mẹ́fà tí a gé lórí, àti iyọ̀ ìlàjì ṣíbí kékeré ni kí a pò pọ̀ fún un mu díẹ̀díẹ̀, nígbà tí a bá ń múra àtigbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

IṢẸ́ ÌYÁ NÍLÉ

(a) Kọ́ ọmọ ní ọwọ́ ara rẹ̀. Ọmọ tí ọmọ-ọ̀dọ̀ ń wẹ̀ fún, tí ìyá ń ká aṣọ rẹ̀, yóò sunkún ní alẹ́ àkọ́kọ́. Kí ó fọ pátá àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ó ta àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ó sì ká a. Kí òun fúnra rẹ̀ di ẹrù rẹ̀, kí ó lè mọ ohun tí ó kó lọ.

(b) Kọ òtítọ́ sínú fọ́ọ̀mù. Níbí ni ọ̀rọ̀ wa wúwo sí jùlọ. Ní ọdún kan, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí àgọ́ láti ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a mọ̀. Òjò rọ̀ ní alẹ́ kejì, òtútù sì mú. Ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ̀rora egungun. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ rò pé ibà ni. Obìnrin tí ń se oúnjẹ ni ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ó pọ́n bí òróró, ó sì rọra bi í léèrè. Ọmọ náà sọ ní jẹ́jẹ́ pé, "Mọ́mì ní kí n má sọ." Ọmọ SS ni, àìsàn tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Wọ́n gbé e dé ilé-ìwòsàn, Olúwa sì dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Ẹ má jẹ́ kí a sọ òkò lu ìyá náà. Ẹ̀rù ni ó bà á, pé bí òun bá kọ ọ́, wọn kò ní mú ọmọ òun lọ, tàbí pé àwọn ènìyàn yóò máa fi ṣẹ̀sín. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe lásán, nítorí àwọn olùkọ́ kan wà tí wọ́n máa ń fagi lé orúkọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí náà kò dára. Bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ọmọ SS lè lọ, bí olùkọ́ bá ti mọ̀ pé kí ó máa mu omi lóòrèkóòrè, kí ó wọ súẹ́tà ní alẹ́, kí ó má wẹ omi tútù, kí ó máa sinmi nígbà eré, kí ó má pa oògùn rẹ̀ jẹ ní ọjọ́ kan, kí a sì ti mọ ilé-ìwòsàn tí ó sún mọ́ àgọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ikọ́ fée àti wárápá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìmọ̀ sí i nípa SS, ilé àwọn Sickle Cell Foundation wà ní Ìdí-Àràbà, ní iwájú LUTH.

(d) Ọmọ tí ń tọ̀ sílé àti ọmọbìnrin tí ó ti ń dàgbà. Ẹ bá olùkọ́ obìnrin sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ di aṣọ ìtẹ́lẹ̀ méjì àti láílọ́ọ̀nù sínú ẹrù. Ọmọbìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀, kí ìyá ti ṣàlàyé fún un, kí ó sì fún un ní páàdì dání. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ pé ẹnu ọ̀rẹ́ ni yóò ti gbọ́ ọ.

(e) Ààbò ara. Ẹ sọ fún ọmọ, ọkùnrin àti obìnrin, pé àgbàlagbà kankan, ìbáà jẹ́ olùkọ́, ìbáà jẹ́ ẹni tí ń gbàdúrà, kò gbọdọ̀ pè é sínú yàrá òun nìkan, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án níbi tí aṣọ bò. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, kí ó pariwo, kí ó sì sọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ iye obìnrin tí yóò sùn ní ibùsùn àwọn ọmọbìnrin. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti wà ní ìpínlẹ̀ Èkó láti 2007. Nọ́ńbà pàjáwìrì ní Èkó ni 112 tàbí 767. Kí ọmọ mọ̀ ọ́n sórí, pẹ̀lú nọ́ńbà ìyá rẹ̀.

ỌMỌ TÍ KÒ RÍ OWÓ SAN

Nínú gbogbo kíláàsì ni ọmọ kan wà tí ó máa ń sọ pé òun kò fẹ́ lọ. Ẹ wádìí rẹ̀ dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó ti wo àpamọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ ka orúkọ àwọn tí kò tíì san owó sí etí gbogbo kíláàsì. Ẹgbẹ́ wa lè san owó ọmọ kan tàbí méjì, kí a sì fi í ránṣẹ́ láìdárúkọ. Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó.

NÍGBÀ TÍ WỌ́N BÁ PADÀ DÉ

Bí ẹ̀fọn bá fi ibà sára ọmọ, ó sábà máa ń tó ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó dá a dùbúlẹ̀. Nítorí náà, ibà tí ó bá mú ọmọ ní ọjọ́ kejì tí ó dé àgọ́, ilé ni ó ti gbé e lọ. Èyí tí ó gbé ti àgọ́ bọ̀ lè má hàn títí di ọ̀sẹ̀ kejì tàbí kẹta. Bí ara ọmọ bá gbóná láàrin oṣù kan, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ẹ tún jókòó gbọ́ ìtàn rẹ̀. Màríà pa gbogbo ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ mọ́ ní ọkàn. Ọmọ tí ìyá fi etí sílẹ̀ fún nígbà tí ó ń ròyìn eré ni yóò lè ròyìn ohun tí ó dùn ún.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ohun tí a máa ń "rò pé" ẹlòmíràn ti ṣe nípa àwọn ọmọ wa?
2. Kí ni ó ń mú kí ìyá fi àìsàn ọmọ pamọ́? Báwo ni ẹgbẹ́ wa ṣe lè mú ẹ̀rù náà kúrò?
3. Iṣẹ́ ilé wo ni ọmọ rẹ kò tíì lè ṣe fúnra rẹ̀?
4. Ta ni ọmọ tí a lè ràn lọ́wọ́ ní sáà yìí, láìdójú tì í?

ÀDÚRÀ

Baba wa ọ̀run, ìwọ tí ó mọ iye irun orí wa, má jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa sọnù ní ọ̀nà, nínú omi tàbí nínú àìsàn. Fún àwọn olùkọ́ ní ojú tí ń ríran, kí o sì fún àwa ìyá ní ẹnu tí ń sọ òtítọ́. Nípa Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.